Láti Ibi Ẹjọ́ Ilẹ̀ Dé Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì: Ìtàn Simile, Metaphor àti Argument

 

Ọmọ mi ló fa ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí. SS1 ló wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan fún wọn pé kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì mú àpẹẹrẹ tiwọn wá: simile, metaphor, personification, hyperbole, irony. Lábẹ́ ìyẹn, ó tún kọ thesis, evidence àti counter-argument. Ọmọ náà ti kọ́ ìtumọ̀ wọn sórí wàì, ó ń kà á bí omi. Àpẹẹrẹ ni kò rí mú wá. Ó jókòó tì mí, ó ń jẹ ìdí bírò. Nígbà tó yá, ó ní, "Dádì, ebi ń pa mí o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "O ti mú àpẹẹrẹ personification wá nìyẹn." Ó ń wò mí. Mo ní, "Ebi kì í ṣe èèyàn. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò mú idà dání. Ìwọ lo sọ pé ó ń pa ọ́." Ó rò ó díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Dádì, Yorùbá lẹ sọ yẹn. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bi wá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Háúsá bí ọmọ Kánò gidi, gbà lọ́kàn rẹ̀ pé inú èdè òyìnbó nìkan ni irú nǹkan báyìí ń gbé. Lójú rẹ̀, ẹnu lásán ni èdè ilé, ti ìyẹ̀wù àti ti ọjà, ti "wá jẹun" àti "lọ wẹ̀". Èdè tí wọ́n fi ń ronú wà ní ilé-ìwé. Mi ò bínú sí i, torí èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn yín pé irọ́ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ sójú pátákó yẹn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló bí wọn. Gẹ̀ẹ́sì gan-an yá wọn ni.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí argument. Erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Sicily, tó wà lábẹ́ Ítálì lónìí. Láyé àtijọ́, àwọn Gíríìkì ló pọ̀ níbẹ̀, ìlú wọn tó tóbi jù sì ni Syracuse. Àwọn apàṣẹwàá kan jọba lé wọn lórí, wọ́n gba ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ ogun wọn. Nígbà tó kù bí ọdún 460 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ará ìlú dìde, wọ́n lé àwọn apàṣẹwàá náà lọ. Wàhálà wá bẹ́rẹ́. Onílẹ̀ àtijọ́ dé, ó ní ilẹ̀ òun nìyí. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ní òun ò lọ síbì kankan. Kò sí sọ̀fíò tó wọn ilẹ̀ náà, kò sí ìwé. Ẹnu lásán ni oníkálukú máa fi gba ilẹ̀ rẹ̀ níwájú àwọn adájọ́.

Ìtàn tí àwọn Gíríìkì ń sọ ni pé ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Corax bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń rojọ́: bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń to ẹ̀rí, bí a ṣe ń dá alátakò lóhùn, bí a ṣe ń kádìí rẹ̀. Tisias ni ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ máa ń pa á bí àlọ́ pé Tisias kọ́ṣẹ́ tán, kò sanwó. Corax gbé e lọ sí kóòtù. Tisias ní, "Bí mo bá jàre, kóòtù ti ní kí n má sanwó nìyẹn. Bí mo bá jẹ̀bi, a jẹ́ pé ẹ ò kọ́ mi dáadáa, kí ni mo fẹ́ sanwó fún?" Corax náà yí i padà: "Bí o bá jẹ̀bi, kóòtù ti ní kí o san án. Bí o bá jàre, a jẹ́ pé mo kọ́ ọ dáadáa, san owó mi." Ọ̀rọ̀ náà sú àwọn adájọ́, wọ́n lé àwọn méjèèjì jáde, wọ́n ní ẹyin burúkú, láti ara kannakánná burúkú. Kannakánná ni ìtumọ̀ orúkọ Corax lédè Gíríìkì.

Ẹ ò rí i pé ìjàpá ìbá dáhùn bẹ́ẹ̀?

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di ìmọ̀. Aristotle kọ odidi ìwé lé e lórí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́: ìwà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ṣe rí, àti ẹ̀rí tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ethos, pathos, logos tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ sórí nìyẹn. Ẹ lọ jókòó sí ìpàdé àwọn àgbààgbà wa níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ọkọ àti ìyàwó. Kí àgbà kan tó sọ̀rọ̀, gbogbo wa ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi òwe tu ọkàn onínúfùfù lójú. Lẹ́yìn náà ni yóò bi í pé, "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀?" Ìwà, ọkàn, ẹ̀rí. Àgbà yẹn lè má gbọ́ orúkọ Aristotle rí láyé rẹ̀.

Aristotle yìí kan náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa metaphor. Ẹ mọ ohun tí metaphor jẹ́ lédè Gíríìkì? Kí á gbé nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíràn. Títí di òní, tẹ́ ẹ bá dé ìlú Gíríìsì, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ máa rí lára ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn. Ohun tó dà bí awo lójú ọmọ wa, ọ̀rọ̀ oníkẹ́rù ni níbi tó ti wá. Tí mo bá ní "ẹkùn ni ọmọ yìí", mo gbé orúkọ ẹkùn kúrò nínú igbó, mo gbé e wá sórí ọmọ. Mo ti kó ẹrù.

Bí Róòmù ṣe yá a, tí Gẹ̀ẹ́sì tún yá a

Nígbà tí àwọn ará Róòmù gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ Gíríìkì, ojú tì wọ́n díẹ̀. Àwọn kan láàárín wọn gbà pé Látìn ò lè gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, pé ẹni tó bá fẹ́ ronú jinlẹ̀, Gíríìkì ni kó fi rò ó. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jọ tiwa? Cicero, agbẹjọ́rò ńlá tí wọ́n pa ní ọdún 43 kí wọ́n tó bí Jésù, kò gbà. Ó jókòó, ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Látìn fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara ohun tó ṣẹ̀dá ni qualitas, tó di quality lẹ́nu òyìnbó. Metaphor náà, Látìn pè é ní translatio, gbígbé kọjá, ohun kan náà tí Gíríìkì sọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá lọ sí grammar school, Látìn ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀. Wọ́n á ní kó yí gbólóhùn kan padà títí yóò fi sú u. Erasmus tó kọ ìwé tí wọ́n ń lò jù, tó jáde ní 1512, fi hàn bí a ṣe lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé lẹ́tà rẹ dùn mọ́ mi, ní ọ̀nà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò lè fi èdè ìyá wọn pe orúkọ ohun tí wọ́n ń kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìyẹ̀wù nígbà náà, Látìn ni èdè ìwé.

Àwọn kan láàárín wọn bínú sí i. Thomas Wilson kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ sísọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1553 kí ẹni tí kò gbọ́ Látìn lè rí nǹkan kọ́. Ralph Lever tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 1573. Ó ní òun ò ní lo ọ̀rọ̀ àlejò rárá. Dípò conclusion, ó ṣẹ̀dá endsay, bí ẹni ní "ọ̀rọ̀-ìparí". Dípò definition, ó ní saywhat, bí ẹni ní "sọ-ohun-tó-jẹ́". Ìwé kan tún jáde ní 1589 tí wọ́n gbà pé George Puttenham ló kọ ọ́. Ó fún irony lórúkọ tó túmọ̀ sí yẹ̀yẹ́ gbígbẹ. Hyperbole, ó pè é ní òpùrọ́ aláriwo. Metaphor, ó pè é ní ọ̀rọ̀ ìkẹ́rù.

Orúkọ wọ̀nyẹn ò pẹ́ láyé. Gíríìkì àti Látìn borí, Gẹ̀ẹ́sì gbé wọn mì, ó sì sọ wọ́n di tirẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọmọ òyìnbó gan-an tó bá gbọ́ hyperbole lónìí, orúkọ náà ò sọ nǹkan kan fún un. Òun náà á kọ́ ọ sórí ni bíi ti ọmọ mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà wá bá a.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tó di akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay ní Freetown nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1827. Òun ló kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1843, tó tún jáde ní 1852 pẹ̀lú gírámà. Òwe pọ̀ nínú èyí tó jáde ní 1852 yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, O. E. Vidal, wo àwọn òwe wa, ó rí i pé gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èkejì máa ń dọ́gba, ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn bí ewì àwọn Hébérù inú Bíbélì. Ní 1852, kí wọ́n tó dá grammar school kankan sílẹ̀ ní Èkó, àlejò ti rí ọgbọ́n èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa.

Ní 1859 ni wọ́n ṣí CMS Grammar School ní Èkó lábẹ́ T. B. Macaulay, ọmọ mẹ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lédè Yorùbá. Ọ̀nà méjì ló là lọ́dún kan. Ọ̀kan ní kí á fi Yorùbá kàwé. Èkejì gbé grammar school ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bó ṣe wà. Nígbà tí ìjọba gbé òfin ẹ̀kọ́ jáde ní 1882, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n so owó ìrànwọ́ mọ́. Ẹ mọ̀ pé ibi tí owó bá wà lọ̀nà ń là sí. Nígbà tí WAEC dé ní 1952, ọ̀nà náà ti di títì ńlá. Òun la ṣì wà lórí rẹ̀: ọmọ gbọ́dọ̀ mọ irony kó tó yege nínú lítíréṣọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dín ní 450 ọ̀rọ̀.

Tiwa náà ní orúkọ

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ó dáa, a ní òwe, a ní oríkì. Ṣùgbọ́n ṣé a ní orúkọ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí?" A ní i. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan jókòó hùmọ̀ lánàá.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Ẹ̀rù ba àwọn òbí kan pé àwọn ọmọ máa rẹ̀yìn. Wọn ò rẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí tíṣà bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí yóò pe nǹkan. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa bá jókòó, wọ́n kó ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n ṣẹ̀dá èyí tí kò sí. Ní 1984 ni apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú rẹ̀. Apá kejì jáde ní 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọladélé Awóbùlúyì. Ọdún 1984 yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí gbé ìwé ńlá jáde lórí ọnà èdè tó wà nínú ewì alohùn wa. Iṣẹ́ tí Cicero ṣe fún Látìn, tí Lever ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn wa ṣe é fún Yorùbá. Ti Lever kú. Tiwa wà láàyè, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ ń lò ó títí di òní.

Ẹ wá wo àwọn orúkọ náà.

Simile ni àfiwé tààrà. A fi nǹkan wé nǹkan, ní tààrà: "Ó ń sáré bí ẹṣin." Metaphor ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, níbi tí kò ti sí "bí" mọ́: "Ẹṣin ni ọmọ náà." Personification ni ìfohunpènìyàn, a fi ohun pe ènìyàn. Hyperbole ni àsọrégèé, tí à ń pè ní àsọdùn lẹ́nu lásán: "Mo ti pè ọ́ nígbà ẹgbẹ̀rún!" Irony ni ẹ̀dà-ọ̀rọ̀. Ọmọ fọ́ àwo, ìyá rẹ̀ ní, "O káre, o kú iṣẹ́ o." Ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe oríyìn nìyẹn? Awítúnwí wà níbẹ̀, a wí, a tún wí. Ìfọ̀rọ̀dárà wà níbẹ̀, a fi ọ̀rọ̀ dá àrà. Ìbéèrè pèsìjẹ wà níbẹ̀, èyí tí a ò retí ìdáhùn rẹ̀.

Mo ní kí ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn. Hyperbole ò sọ nǹkan kan fún ọmọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ìfọ̀rọ̀dárà, tó bá tú u palẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀: fi, ọ̀rọ̀, dá, àrà. Orúkọ náà gbé kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí Puttenham ń wá ní 1589, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà nílẹ̀ fún ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Àrà yẹn pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé tí ìwé ò tíì dé, àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Tí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni, torí ẹfà ni mẹ́fà, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ sì ti fà sí i. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ó ní àwọn jọ ara àwọn, ọ̀rọ̀ àwọn ti ṣọ̀kan. Pun gidi ni o, èyí tí a lè fi ọwọ́ gbá mú.

Iyàn yàtọ̀ sí àfojúdi

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ ọmọ mi ni èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí. Wọ́n ní kí ó kọ àròkọ aláríyànjiyàn: ilé-ìwé tí ọmọ ń sùn sí dára ju èyí tó ń ti ilé lọ. Ó kọ ọ́. Mo kà á. Apá kan ṣoṣo ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ibo ni ọ̀rọ̀ ẹnì kejì wà? Ó ní, "Dádì, tí mo bá sọ ti ẹnì kejì, ṣé mi ò ní jẹ̀bi?"

Mo rí i pé àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé wa, tó bá fẹ́ ṣàlàyé, a ní, "O tún ń bá mi jiyàn?" Ó ti dákẹ́. Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wá ní kí ó jiyàn kí òun fún un ní máàkì. Ọmọ náà gbà pé iyàn jẹ́ nǹkan òyìnbó, pé nǹkan Yorùbá ni "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sà".

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yorùbá ò kórìíra iyàn, àfojúdi ló kórìíra. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dájọ́ láàfin tàbí lọ́dọ̀ baálé. Olùpẹ̀jọ́ á rojọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ á rojọ́ tirẹ̀. Wọ́n á pe ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà á bi wọ́n ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó dá a. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ wà nínú òwe tí gbogbo wa mọ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Counter-argument nìyẹn. Àwọn baba wa ò kàn ní i, wọ́n ní ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un, òṣìkà ni.

Mo sọ fún un pé, "Ṣe bí ẹni pé ìwọ ni baálé. Ohun tí o dúró lé, sọ ọ́ ní ìfáàrà. Pe ẹlẹ́rìí rẹ, ìyẹn ni ẹ̀rí. Jẹ́ kí ẹni tó ń ti ilé lọ sí ilé-ìwé náà rojọ́ tirẹ̀ dáadáa, má ṣe rẹ́ ẹ jẹ. Dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, dá ẹjọ́, ìyẹn ni àgbálọgbábọ̀." Ó tún un kọ. Nínú èyí tó tún kọ, ó sọ pé ọmọ tó ń ti ilé lọ ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń gbọ́ èdè ilé rẹ̀. Ó dá a lóhùn o, ó ṣì dúró lórí ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tó kọ. Mi ò sì bá a kọ ọ́.

Àwa tó wà lókè Ọya

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó kan àwa tó wà níbí jù. Rélùwéè dé Kánò ní 1911. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Sábọ̀n Gàrí di àdúgbò àwọn tó ti ìsàlẹ̀ wá: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kà nílé ló gbà wọ́n síṣẹ́, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn kà. Èèyàn ò lè bá wọn wí. Ìjọba fúnra rẹ̀, nígbà tí Hanns Vischer bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé Nàsàráwá ní Kánò níbí ní 1909, Háúsá ló fi kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Wọ́n ti gbà nígbà yẹn pé ọmọ onílé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè rẹ̀.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ní kí wọ́n fi èdè ìyá ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún un. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Háúsá ni èdè àdúgbò wa níbí. Ọmọ tó dàgbà sí Èkìtì lè bá àfiwé pàdé ní kíláàsì Yorùbá. Tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ò ní bá a pàdé níbì kankan. Àwọn kan nínú wọn mọ karin magana ju òwe lọ. Mi ò ní kí wọ́n má mọ̀ ọ́n, ọgbọ́n ò pọ̀ jù. Mo kàn ń sọ pé bí a ò bá sọ ọ́ nílé, kò sí tíṣà tó máa bá wa sọ ọ́.

Kò sì gba owó. Bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ simile dé, ẹ bi í pé kí ni à ń pè é nílé. Bí kò bá mọ̀, ẹ sọ fún un: àfiwé tààrà. Ẹ ní kó kọ méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ méjì ní Yorùbá. Bí ẹ̀yin náà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù, kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àsọdùn. Bí ó bá fẹ́ bá yín jiyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ kó rojọ́ tán kí ẹ tó dá a. Wọn ò ní tìtorí ẹ̀ já Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ ti fi hàn wá.

Ọmọ mi gba iṣẹ́ rẹ̀ padà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Níbi personification, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ebi wọ ilé wọn láìkanlẹ̀kùn, ó jókòó ti ìyá òun ní ìdí ààrò. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ "very good" sí i. Ọmọ náà gbé e wá fi hàn mí, ó ní, "Dádì, Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi rò ó."

Ẹ̀yin náà, kí ni wọ́n ń pe ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ tàbí àsọdùn ní ìlú tiyín? Ará Ìjẹ̀bú, ará Ọ̀yọ́, ará Ìgbómìnà, ará Kàbà, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè kà á.